Ṣé ohun tí àgbà sọ nípa ìwà lè di iṣẹ́ ìwádìí nínú ìmọ̀ fìlọ́sọ́fì?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwà béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ìwé kíkà. Mo ń kọ àpilẹ̀kọ fún oyè ìjìnlẹ̀ kejì nínú ìmọ̀ fìlọ́sọ́fì, ẹ̀ka tí ó sì wù mí jù níbẹ̀ ni èyí tí ó ń yẹ ìwà wò, àti àwọn ohun tí àwùjọ kà sí iyì. Kókó tí mo mú ni ojúṣe tí ó wà lọ́rùn ẹni tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Ṣé ó kan ìwà ọmọlúàbí pé kí ènìyàn jẹ́ kí á mọ bí òun ṣe mọ ohun tí òun ń sọ, yálà ó ṣojú òun ni tàbí ẹnìkan ni ó sọ ọ́ fún òun?

Ohun tí ó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí ni pé ojoojúmọ́ ni à ń rí àwọn ènìyàn tí kò jẹ́ jalè, tí kò jẹ́ rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ tí wọn kò mọ orísun rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí àti ará lórí WhatsApp, tí ọ̀rọ̀ náà á sì ba ẹlòmíràn lórúkọ jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Bí a bá bi wọ́n, wọn a ní, "Bí mo ṣe rí i gbà ni mo ṣe fi ránṣẹ́." N kò gbà pé ìdáhùn yẹn tó, mo sì fẹ́ mọ ìdí tí kò fi tó.

Èrò mi ni láti lọ jókòó ti àwọn àgbà ní ìlú bàbá mi, kí n bi wọ́n ní ìbéèrè lórí ọ̀rọ̀ sísọ, ẹ̀rí jíjẹ́ àti òfófó, kí n gba ohùn wọn sílẹ̀, kí n sì yẹ ìdí tí wọ́n bá mú wá wò fínnífínní. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ tí ó ka àbá mi sọ pé èyí kì í ṣe fìlọ́sọ́fì rárá, pé iṣẹ́ àwọn tí ń ṣe ìwádìí nípa àwùjọ ni, nítorí pé ohun tí àgbà bá sọ kò ju àṣà tí wọ́n bá nílẹ̀ lọ. Ó ní kí n mú àlàyé Kant, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ará Jámánì, lórí irọ́ pípa, kí n kọ́ iṣẹ́ mi lé e lórí, kí n wá fi òwe Yorùbá díẹ̀ sí ìparí rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún olùkọ́ mi, n kò sì fẹ́ ṣe agídí, àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀ sí ìmọ̀ràn yìí. Ǹjẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà tí ó ti gba irú ọ̀nà tí mo fẹ́ gbà yìí, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì dúró? Kí sì ni mo lè fi dá olùkọ́ mi lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀?

Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìntì dáhùn pé:

Àbúrò, kú iṣẹ́. Wọ́n ti ṣe irú iṣẹ́ yìí, nílé wa níbí ni wọ́n sì ti ṣe é. Ní Yunifásítì Ifẹ̀, kí wọ́n tó sọ ọ́ ní Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n méjì fi ọ̀pọ̀ ọdún jókòó tì í. Ọ̀kan ni John Olúbí Ṣódípọ̀, ẹni tí ó di gíwá àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn ní Àgọ́-Ìwòyè lẹ́yìn náà. Èkejì ni Barry Hallen, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó wá kọ́ni ní Ifẹ̀, tí ó sì kọjá sí Morehouse College ní Atlanta nígbà tí ó ṣe. Àwọn méjèèjì tọ àwọn oníṣègùn lọ ní ilẹ̀ Èkìtì, kì í ṣe láti kọ́ oògùn lọ́wọ́ wọn, bí kò ṣe láti jíròrò pẹ̀lú wọn bí àwọn akẹ́gbẹ́ lórí ohun tí ènìyàn ń wí nígbà tí ó bá ní òun mọ nǹkan, tàbí pé nǹkan jẹ́ òótọ́, tàbí pé ìwà ẹnìkan dára. Ìwé tí wọ́n jọ kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1986. Nígbà tí wọ́n tún un tẹ̀ ní Stanford ní 1997, W. V. Quine, tí ó jẹ́ àgbà ọ̀jẹ̀ nínú ìmọ̀ fìlọ́sọ́fì ní Harvard, ni ó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí i. Mo sọ èyí kí olùkọ́ rẹ lè mọ̀ pé àwọn tí wọ́n gbà pé fìlọ́sọ́fì ni kì í ṣe àwa nìkan.

Ohun tí àwọn oníṣègùn náà là sílẹ̀ le ju bí ó ṣe ń dún létí lọ. Wọ́n ní ohun tí ojú ẹni bá rí, tí ọkàn ẹni sì jẹ́rìí sí, ni a lè pè ní ìmọ̀. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ìbáà jẹ́ lẹ́nu bàbá ẹni, lẹ́nu olùkọ́ tàbí nínú ìwé, ìgbàgbọ́ ni, títí di ìgbà tí a bá dán an wò fúnra wa tí ó sì rí bẹ́ẹ̀. Fi èyí wo gbogbo ohun tí a kọ́ nílé ìwé láti kékeré, tí a há sórí, tí a sì ń pè ní ìmọ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni kò ní borí ìdánwò àwọn bàbá wọ̀nyí. Àṣà lásán kọ́ nìyẹn. Òṣùwọ̀n ni, òṣùwọ̀n náà sì le ju èyí tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga ń lò lọ.

Ibi tí ó kan ọ ni ìwé tí Hallen nìkan kọ tẹ̀ lé e ní 2000, tí ó dá lórí ohun tí Yorùbá ń sọ nípa rere, búburú àti ẹwà. Níbẹ̀ ni ó ti fi hàn pé ẹ̀kọ́ nípa ìmọ̀ àti ẹ̀kọ́ nípa ìwà kò ṣeé yà sọ́tọ̀ ní ẹnu àwọn tí ó bá sọ̀rọ̀. Ọmọlúàbí gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ohun tí òun mọ̀ parí sí, kí ó sì sọ ọ́ jáde. Ó gbọ́dọ̀ tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ títí yóò fi dé òpin kí ó tó fèsì, ó sì gbọ́dọ̀ ní sùúrù lẹ́nu. Bákan náà, a kì í mọ ìwà ẹlòmíràn nípa òkìkí rẹ̀. Ohun tí a rí i tí ó ṣe, àti ọ̀rọ̀ tí a fi etí ara wa gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá wá fi ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i ba ẹlòmíràn lórúkọ jẹ́ ti ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: ó pe ìgbàgbọ́ ní ìmọ̀, ó sì fi òkìkí díwọ̀n ìwà.

Ní ti Kant, kà á, ó yẹ kí o kà á. Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn rẹ̀ ní 1797 dá lórí irọ́, ìyẹn ni pé kí ènìyàn mọ òótọ́ kí ó sì sọ òdì kejì rẹ̀. Kò dé ibi tí ìwọ ń lọ. Rántí oṣù kẹjọ 2014, lẹ́yìn tí àrùn Ẹbólà ti wọ Nàìjíríà, tí ọ̀rọ̀ kan gba orí fóònù gbogbo wa kan pé kí á fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí á sì mu ún kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn kan mu ún títí wọ́n fi dèrò ilé ìwòsàn, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì jáde láti kìlọ̀, wọ́n ní ìròyìn ti sọ pé ó kéré tán ènìyàn méjì ti bá a lọ. Ta ni ó pa irọ́ nínú àwọn tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yẹn ránṣẹ́? Ìyá ni ó fi ránṣẹ́ sí ọmọ, ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́, ìfẹ́ ni gbogbo wọn fi ṣe é, wọ́n sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Bí irọ́ nìkan bá ni ẹ̀ṣẹ̀ ẹnu, kò sí ẹni tí ó ṣẹ̀. Ìwọ àti èmi sì mọ̀ pé ohun kan kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀.

Ẹni tí yóò wúlò fún ọ nínú àwọn ará Yúróòpù ni Clifford, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó kọ̀wé ní 1877 pé ẹ̀bi ni kí ènìyàn gba ohunkóhun gbọ́ láìsí ẹ̀rí tí ó tó. Ó mú àpẹẹrẹ ẹni tí ó ni ọkọ̀ ojú omi kan, tí ó ti gbọ́ pé ọkọ̀ náà ti gbó, ṣùgbọ́n tí ó fi ọ̀rọ̀ dídùn tan ara rẹ̀ jẹ títí ó fi jẹ́ kí ó gbéra pẹ̀lú èrò inú rẹ̀. Fi òun wé òwe tiwa tí ó ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Clifford dá gbígbà gbọ́ lẹ́bi. Òwe wa kò bá ẹni tí ó gbọ́ ẹjọ́ apá kan wí. Ẹni tí ó *dá* a ni ó bá wí. Ó sì pè é ní òṣìkà, kò pè é ní òmùgọ̀. Ìdí wo ni àìgbọ́tán ọ̀rọ̀ fi di ìkà, tí kì í ṣe àìgbọ́n? Èyí ni kí o gbé lọ bá àwọn àgbà rẹ, kí o má sì kúrò níwájú wọn títí ìwọ yóò fi gbọ́ ìdí, kí o tún wá gbé ìdí náà lórí òṣùwọ̀n bóyá ó lè dúró.

Ìdáhùn rẹ sí olùkọ́ rẹ kò gùn. Bí o bá ka iye àgbà tí wọ́n sọ báyìí àti iye tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ ni o ṣe. Bí o bá bèèrè ìdí, tí o gbé àtakò dìde, tí o jẹ́ kí àgbà náà dáàbò bo ọ̀rọ̀ rẹ̀ tàbí kí ó yí i padà lójú rẹ, fìlọ́sọ́fì ni ẹ jọ ṣe.

Ìyá Olùkọ́ Èdè dáhùn pé:

Ẹ kú àlàyé, sà. Ohun kan ni mo fẹ́ fi kún un fún ọmọ wa.

Má jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ dúró lórí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò nìkan, nítorí pé ọ̀pọ̀ àgbà ni yóò tọ́ka sí Ifá bí wọ́n bá dé ìdí ọ̀rọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ti kọ̀wé lórí ìwà pẹ̀lẹ́ nínú ẹsẹ Ifá láti 1975, ìtàn tí ó sì wà ní àárín iṣẹ́ náà ni ti Ìwà, aya Ọ̀rúnmìlà, tí ọkọ rẹ̀ lé jáde nítorí pé kò fara mọ́ ìṣe rẹ̀, tí gbogbo nǹkan sì dàrú mọ́ ọkọ lọ́wọ́ títí ó fi gbéra tí ó ń wá a káàkiri. Nínú ìtàn náà, Sùúrù ni bàbá Ìwà. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Olùkọ́ wá sọ pé àwọn oníṣègùn Èkìtì fi sùúrù ṣe ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí ọ̀rọ̀ sísọ ń bèèrè, mo rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó kàn bọ́ sí wọn lẹ́nu. Ìran ni ó bá nílẹ̀. Bí kò bá sí sùúrù láti gbọ́ ọ̀rọ̀ tán, Ìwà kò ní bàbá.

O tún gbọ́dọ̀ mú ìhà kan lórí bóyá ẹ̀sìn ni ìpìlẹ̀ ìwà tàbí òun kọ́, nítorí pé wọn yóò bi ọ́ lọ́jọ́ tí o bá dúró níwájú àwọn olùdánwò. Bọ́lájí Ìdòwú sọ ní 1962 pé inú ẹ̀sìn ni ìwà rere ti ń so, pé Olódùmarè ni ó fi í sí ọkàn ènìyàn. Ṣẹ́gun Gbádégẹṣin, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì, kò gbà bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1991: ó ní bí a bá wo ìdí tí Yorùbá ń mú wá nígbà tí wọ́n bá ń kìlọ̀ fún ọmọ, àlàáfíà ènìyàn àti ti ẹgbẹ́ ni a ó máa rí. Èrò tèmi sún mọ́ ti Gbádégẹṣin lórí ọ̀rọ̀ ẹnu, torí pé nígbà tí wọ́n bá sọ fún ọmọdé pé ẹyin lọ̀rọ̀, pé bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́, kò sí òrìṣà kankan nínú ìkìlọ̀ yẹn. Ohun tí yóò fọ́ ni wọ́n fi hàn án.

Ọmọ Àjàṣẹ́ dáhùn pé:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà. Láti Pọ́tò-Nóvò ní orílẹ̀-èdè Benin ni mo ti ń kọ̀wé. Mo fara mọ́ púpọ̀ nínú ohun tí ẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n dúró fún apá tí olùkọ́ akẹ́kọ̀ọ́ yìí dúró fún, kí ó má baà lọ sí ìlú bàbá rẹ̀ láìmúra.

Ní orílẹ̀-èdè tiwa ni Paulin Hountondji ti wá, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì tí ó kú ní 2024, tí ó sì ti ta ko irú iṣẹ́ yìí láti àwọn ọdún 1970. Ẹ̀sùn tí ó fi kan àwọn tí wọ́n ń kọ̀wé nípa "èrò àwọn Bàǹtú" tàbí "èrò àwọn Yorùbá" ni pé wọ́n ń ṣe bí ẹni pé ohùn kan ṣoṣo ni gbogbo ìlú ní, pé kò sí ẹni tí ó ń bá ẹlòmíràn jiyàn níbẹ̀. Peter Bodunrin, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ fìlọ́sọ́fì, sọ ohun tí ó jọ ọ́ ní 1981 láti Ìbàdàn, pé ọgbọ́n ìbílẹ̀ kò tíì di fìlọ́sọ́fì bí kò bá sí ẹni tí ó dúró lẹ́yìn èrò rẹ̀ pẹ̀lú ìdí tí ẹlòmíràn lè yẹ̀ wò. Ẹ̀sùn yìí kan akẹ́kọ̀ọ́ wa tààrà. Ní ọjọ́ tí ó bá kọ "Yorùbá gbà pé", kí ó dá gègé dúró, kí ó bi ara rẹ̀ pé Yorùbá wo.

Ẹ tún wo àwọn tí wọ́n bi ní ìbéèrè. Oníṣègùn kì í ṣe gbogbo ìlú. Níbo ni ìyá tí ń ta aṣọ lọ́jà wà, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ gbé e kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé, tí ó ń ta àwìn lójoojúmọ́ nítorí ohun tí ó gbọ́ nípa oníbàárà? Ìmọ̀ rẹ̀ nípa ẹni tí ó ṣeé gbà gbọ́ lè jinlẹ̀ ju ti bàbá oníṣègùn lọ. Níbo ni ọ̀dọ́ wà, nígbà tí ó jẹ́ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀? Mo tún mọ òwe mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà níbí: kì í ṣe gbogbo ohun tójú rí lẹnu ń sọ. Mo ti rí i tí wọ́n fi òwe yìí pa ẹnu ọmọbìnrin mọ́ nínú agbo ilé lórí ohun tí ó ṣojú rẹ̀ korokoro, tí ó sì jẹ́ pé ẹni tí ó ṣẹ̀ ẹ́ ni ó jàǹfààní ìdákẹ́jẹ́ náà. Bí ẹ bá ń yin àwọn àgbà nítorí ìṣọ́ra ẹnu, ẹ sọ fún wa pẹ̀lú bí a ṣe lè mọ ìṣọ́ra tí ó jẹ́ ìwà yàtọ̀ sí èyí tí ó jẹ́ ààbò fún ìkà.

Àtakò kan ṣì kù. Bí ohun tí ojú rí bá ni ìmọ̀ nìkan, kò sí ẹni tí ó fi ojú lásán rí kòkòrò Ẹbólà rí. Dókítà tí ó sọ fún wa pé kí á máa fọ ọwọ́ àti ẹni tí ó sọ fún wa pé kí á mu omi iyọ̀, ìgbàgbọ́ ni a fi gba ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì. Ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwà fèsì pé:

Mo dúpẹ́ gidigidi lọ́wọ́ gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ Ọmọ Àjàṣẹ́ kan mí lára, mo sì ti pinnu pé n ó fi àwọn ìyá ọjà àti àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ kún àwọn tí n ó bá sọ̀rọ̀. Ìbéèrè méjì ni mo tún ní. Àkọ́kọ́, ṣé kí n kọ orúkọ àwọn tí mo bá bá sọ̀rọ̀ sínú iṣẹ́ náà ni, tàbí kí n fi í pamọ́? Èkejì, báwo ni mo ṣe lè da ohùn tí mo bá gbà sílẹ̀ kọ láìba á jẹ́?

Adàwékọ Èkìtì dáhùn pé:

Ẹ kú iṣẹ́ ìwádìí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa da ohùn tí àwọn olùwádìí gbà sílẹ̀ kọ sínú ìwé, nítorí náà ìbéèrè kejì ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, òun ni mo sì mọ̀ jù.

Fi sọ́kàn pé àgbà tí ó mọ ọ̀rọ̀ sọ kì í sọ gbólóhùn lásán. Gbọ́ bí bàbá kan ṣe lè dá ọ lóhùn bí o bá bi í nípa ìjà tí ó ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò: "Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. N ò sí níbẹ̀ o, oko ni mo wà. Ẹni tó délé kó tó di pé mo dé ló sọ fún mi, òun náà sì ní ariwo lòun gbọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fojú mi rí ni pé nígbà tí mo dé, ilẹ̀kùn ti já." Mo ti rí àwọn ìwé ìwádìí tí a ti da irú ìdáhùn báyìí kọ pé: "Ìjà náà ṣẹlẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, wọ́n sì já ilẹ̀kùn." Ẹni tí ó kọ ọ́ rò pé òun gé àsọtúnsọ kúrò ni, kí ó lè mọ́ lójú ìwé. Gbogbo ohun tí ìwọ ń wá ni ó gé dànù! "Wọ́n ní" yẹn, "n ò sí níbẹ̀" yẹn, àti bí ó ṣe darúkọ ẹni tí ó sọ fún un tí ó sì tún sọ ibi tí ìmọ̀ ẹni náà mọ, àwọn gan-an ni ìwà tí o fẹ́ kọ̀wé lé lórí. Bàbá náà ń ṣe é lójú rẹ, kò dúró kí o bi í pé kí ni òun rò nípa rẹ̀. Nítorí náà, kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, títí kan ibi tí ó ti dákẹ́, ibi tí ó ti ní "àbí bóyá", àti ibi tí ó ti yí ọ̀rọ̀ padà. Bí ó bá ṣeé ṣe, kọ ọ́ ní ẹ̀ka èdè tí ó fi sọ ọ́, má sọ Èkìtì di Yorùbá àjùmọ̀lò kí o tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Pẹ̀lú èyí, padà lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ ni wọn yóò fún ọ ní òwe, nítorí pé wọ́n rò pé òwe ni o wá gbà. Nígbà tí o bá padà dé tí o ka ọ̀rọ̀ wọn sí wọn létí, tí o sì bi wọ́n pé, "Bàbá, ẹ ní báyìí lọ́jọ́sí, ṣùgbọ́n ìyá tó wà lápá ọ̀hún ní kò rí bẹ́ẹ̀," ìgbà náà ni wàá gbọ́ ìdí. Má gba ohùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀, kí o sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé òun lè ní kí o pa á rẹ́.

Ní ti orúkọ, ọ̀nà méjì ni àwọn tí ó ṣáájú rẹ ti gbà. Hallen àti Ṣódípọ̀ kò dárúkọ àwọn oníṣègùn wọn. Odera Oruka, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, gba ọ̀nà kejì: ó dárúkọ àwọn ọlọ́gbọ́n tí ó bá sọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ẹ̀yà kan lápapọ̀ ni ó ń ronú. Èrò tèmi ni pé kí o bi olúkúlùkù, kí o sì kọ ohun tí ó bá yàn sílẹ̀. Àgbà tí ó bá fẹ́ kí orúkọ òun wà níbẹ̀, tí o sì kọ "àgbà kan láti Èkìtì" dípò rẹ̀, o ti gba èrò rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tí ó bá jẹ́ ẹ̀rí nípa aládùúgbò, má fi orúkọ kankan sí i, bí ẹni tí ó sọ ọ́ tilẹ̀ gbà fún ọ, nítorí pé aládùúgbò náà kò sí níbẹ̀ láti sọ tirẹ̀.

Olùkọ́ Tó Ti Fẹ̀yìntì tún dáhùn pé:

Ọmọ Àjàṣẹ́, o ṣeun. Àtakò rẹ tí ó kẹ́yìn ni mo fẹ́ mú, nítorí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yìí yóò ti dúró tàbí kí ó ṣubú.

Òṣùwọ̀n àwọn oníṣègùn kò ní kí ẹnikẹ́ni má gba ohun tí kò ṣojú rẹ̀ gbọ́. Kò sí ẹni tí ó lè gbé irú ayé bẹ́ẹ̀, àwọn fúnra wọn kò sì gbé e, nítorí pé lẹ́nu ọ̀gá wọn ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ ewé. Ohun tí ó bèèrè ni pé kí á má fi ìgbàgbọ́ tà lórúkọ ìmọ̀, kí á sì jẹ́ kí ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ gbà dé ọ̀dọ̀ wa wà ní gbangba, kí ẹni tí ó bá fẹ́ lè tọ̀ ọ́ padà. Níbẹ̀ ni dókítà àti ọ̀rọ̀ omi iyọ̀ ti yapa. Ọ̀rọ̀ dókítà ní ìdí tí a lè tọ̀ lọ: ilé ìwòsàn wà, àwọn tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò wà, a lè bi wọ́n bí wọ́n ṣe mọ̀, wọn yóò sì dáhùn. Ọ̀rọ̀ omi iyọ̀ kò ní ẹni tí ó ni ín. Bí o bá bi ẹni tí ó fi ránṣẹ́ sí ọ, yóò tọ́ka sí ẹlòmíràn, ẹni yẹn yóò tún tọ́ka sí ẹlòmíràn, títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ìgbàgbọ́ ni méjèèjì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan ní ọ̀nà tí a lè gbà dé ibi tí ojú ẹnìkan ti rí i, èkejì kò ní.

Òwe tí wọ́n fi pa ẹnu ọmọbìnrin mọ́ ń dùn mí bí ó ṣe dùn ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́, má yẹra fún un nínú àpilẹ̀kọ rẹ. Gbé e ka iwájú àwọn àgbà, kí o sì gbé agbẹjọ́ ẹnìkan dá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ojú rẹ̀ rí nǹkan, tí wọ́n wá ní kí ó dákẹ́, ẹjọ́ apá kan ni wọ́n fẹ́ kí ìlú dá. Bí àwọn kan nínú wọn bá fọwọ́ sọ̀yà pé ìdákẹ́jẹ́ náà tọ́, kọ ọ́ pé èrò tiwọn ni, kí o sì kọ ìdí tí ìwọ kò fi gbà. Má pe èyí ní àrífín sí àgbà. Ohun tí Bodunrin ní kò sí nínú ọgbọ́n ìbílẹ̀ gan-an nìyẹn, ìwọ yóò sì ti fi hàn pé ó wà níbẹ̀.

Ní ti orí àkọ́kọ́ àpilẹ̀kọ rẹ, fi ọ̀rọ̀ 2014 bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí o fi Kant hàn ní ibi tí àlàyé rẹ̀ mọ, kí o sì mú Clifford wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Bí olùkọ́ rẹ bá ka orí náà tí ó ṣì ní kì í ṣe fìlọ́sọ́fì, bẹ̀ ẹ́ kí ó kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ, kí o sì gbé e wá síbí kí á jọ yẹ̀ ẹ́ wò.